Ọwọ́ Tó Nà Sẹ́yìn

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré sísá. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ló gbà á síṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Kóòṣì ni gbogbo èèyàn ń pè é, láti orí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà títí dé orí obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́nu géètì.

Nígbà tó dé, àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ife. Ọdọọdún ni ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jọ máa ń kóra jọ láti figagbága, ọdọọdún ni tiwọn sì máa ń ṣe ìkẹjọ. Wọn kò ní bàtà. Pápá wọn jẹ́ ilẹ̀ pupa tí ewúrẹ́ ń sùn sí, ẹni tó bá fẹ́ sáré níbẹ̀ á kọ́kọ́ lé ewúrẹ́. Kóòṣì lé ewúrẹ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa òkúta inú pápá, ó fi eérú fa ìlà. Mo ń sọ èyí kí n tó sọ ìyókù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́.

Bó ṣe ń wá àwọn ọmọ tó máa sáré yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ìlú kéékèèké ló máa ń lọ. Á dúró létí ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwé gírámà láàárọ̀, á máa retí agogo. Tí agogo bá ti dún, á máa wo àwọn ọmọbìnrin tó pẹ́, bí wọ́n ṣe ń sáré kí wọ́n má baà jẹ pàṣán. Ó ní ẹni tó ń sáré nítorí ife lè dúró mí lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré nítorí ẹ̀rù kì í dúró. Àwọn tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n èèyàn ni.

Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló ti rí Morádéyọ̀. Ìlú rẹ̀ wà ní òdìkejì odò, ó sì máa ń kọjá odò wá sí ilé ìwé gírámà. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, olùkọ́ méjì péré ló sì ń kọ́ gbogbo kíláàsì, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì sì ti darúgbó. Kíláàsì kẹta kò ní olùkọ́ rárá. Nígbà tí Kóòṣì wá sọ fún ìyá ọmọ náà pé òun fẹ́ mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìyá náà kò bèèrè ohunkóhun nípa eré sísá.

"Ṣé ó máa di olùkọ́?"

"Ọdún mẹ́ta péré ni, Ìyá. Ó máa padà wá kọ́ àwọn ọmọ yín."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ bá mi mójú tó o. Tó bá ṣe orí kunkun, ẹ nà án."

Baálẹ̀ ìlú náà gbọ́. Ó ní kí wọ́n má ṣe wá olùkọ́ míì fún kíláàsì kẹta mọ́. Ó ní ọmọ àwọn ń bọ̀.

Nínú gbogbo eré, èyí tí Kóòṣì fẹ́ràn jù ni èyí tí ẹni mẹ́rin ń fi ọ̀pá sá. Ẹni àkọ́kọ́ á mú ọ̀pá kékeré kan lọ́wọ́, á sáré gbé e fún ẹni kejì, ẹni kejì á gbé e fún ẹni kẹta, títí á fi dé ọwọ́ ẹni kẹrin tó máa gbé e dé òpin. Ibi tí ọ̀pá ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Tí ẹni tó fẹ́ gbà á bá yíjú padà láti wò, eré rẹ̀ á falẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n sá kì í wẹ̀yìn. Á ti máa sáré lọ ní tirẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ á pè é pé "Gbà", òun á na ọwọ́ sẹ́yìn, ọ̀pá á sì bọ́ sí i.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ Morádéyọ̀ ní eré yìí, Kóòṣì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Gbà." Morádéyọ̀ yíjú padà, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Bí ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ọmọ kì í kẹ̀yìn sí àgbà gba nǹkan. Gbogbo àwọn tó wà ní pápá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹni tó ń sá ipò kejì, ọmọ kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ní, "Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, dìde. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣàdúrà fún ọ níbí."

Kóòṣì náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ìwà rere nìyẹn nílé yín. Níbí, ẹni tó bá wẹ̀yìn ti pàdánù."

Kì í ṣe orí pápá nìkan ló ti ń kọ́ wọn. Ó lè yọ lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn níbi tó ti ń pọnmi, kó ní "Gbà", ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn láì wò. Ohun tó bá wu Kóòṣì ló máa fi síbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀pà, ó lè jẹ́ ẹyin bíbọ̀. Nígbà kan ó fi ọ̀kùn sọ́wọ́ ẹni kẹta. Ọ̀kùn náà ń rìn ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, ọmọ náà sì dì í mú, ojú rẹ̀ wà níwájú, títí Kóòṣì fi ní kó jù ú nù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá yíjú padà, á sá pápá yípo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọwọ́ wọn fi ń dá ṣe é fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù nínú ilé ìbùgbé sọ ọ́ di eré. Wọ́n á dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú abọ́ tí wọn kò tíì fọ̀, wọ́n á ní "Gbà", abọ́ ẹlẹ́gbin á sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ fọ abọ́ náà.

Lọ́dún yẹn, ilé ẹ̀kọ́ náà gba ife. Kì í ṣe ìkeje, kì í ṣe ìkẹta. Ipò kìn-ín-ní ni. Àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá ló wà nínú ẹgbẹ́ Kóòṣì, kò sì sí eré kan tí wọn kò ti gba ipò. Ọ̀gá àgbà gbé ife náà sí ọ́fíìsì rẹ̀, lórí tábìlì tí àlejò ti máa kọ́kọ́ rí i. Lọ́dún kejì wọ́n tún gba ife. Lọ́dún kẹta, bákan náà. Òfin ìdíje náà ni pé ilé ẹ̀kọ́ tó bá gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra ni yóò ni ife ńlá títí láé.

Ìdíje náà máa ń bọ́ sí àsìkò ìdánwò. Kóòṣì ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun ti bá àwọn tó ń bójú tó ìdánwò sọ̀rọ̀, tiwọn á yàtọ̀. Tí wọ́n bá ti ìdíje dé, á kó wọn sínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á pín ìbéèrè fún wọn, wọ́n á kọ ìdáhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn olùkọ́ kò bèèrè. Ọmọ Kóòṣì ni wọ́n.

Ohun kan tún wà. Lọ́dọọdún, ní kété ṣáájú ìdánwò, nígbà tí àwọn ọmọ náà bá jókòó tí wọ́n ń so okùn bàtà, Kóòṣì á yọ lẹ́yìn wọn. "Gbà." Ọwọ́ á nà, bírò á bọ́ sí i. Á fi ìwé kan síwájú ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ á bo òkè ìwé, ìka rẹ̀ kan á tọ́ka ìsàlẹ̀. "Níbí." Ọmọ náà á buwọ́ lù ú, á sì padà sórí okùn bàtà rẹ̀. Kò ju bí ẹni tó sín lọ.

Morádéyọ̀ bèèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà, èsì ìdánwò wa ń kọ́?"

Kóòṣì wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣé o fẹ́ wẹ̀yìn ni?"

Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Kò bèèrè mọ́.

Ọdún mẹ́ta pé. Ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde dé. Ìyá Morádéyọ̀ ti kọjá odò láti ìdájí, ó ti wọ aṣọ tó fi ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n Morádéyọ̀, ó sì gbé àpò kan dání. Agogo ilé ìwé, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ mì, ló wà nínú àpò náà. Olùkọ́ àgbà ìlú wọn, èyí tó ti darúgbó, ti fẹ̀yìn tì ní oṣù tó kọjá, ó sì fi agogo ilé ìwé rán ìyá náà. Ó ní kí Morádéyọ̀ gbé e bọ̀ nílé. Ó ní láti oṣù tó kọjá, àjákù páànù ni wọ́n ń lù fún àwọn ọmọ.

Wọ́n ń pe orúkọ. Tí ìyá náà bá yí ìdí lórí àga, agogo á ta jìn-ìn nínú àpò, àwọn tó jókòó tì í á wò ó. Wọ́n pe àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, wọ́n pe ti F, wọ́n pe ti M. Wọ́n kọjá M.

"Bóyá wọ́n fò ó ni," ìyá náà sọ fún obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n pè é tán. Wọ́n gbàdúrà ìparí. Wọ́n wá fún Kóòṣì ní àwo àmì ẹ̀yẹ, gbogbo èèyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún un, ìyá Morádéyọ̀ náà dìde pàtẹ́wọ́, nítorí ó mọ̀ ọ́n, òun ló mú ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá àti ọmọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ sí. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fún ìyá náà ní àga. Ó wá fáìlì, ó rí i, ó ṣí i, ó tún wo ojú Morádéyọ̀.

"Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ni ọ́."

Morádéyọ̀ rò pé ó ń ṣàwàdà.

Akọ̀wé náà yí fáìlì sí i. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ṣé kì í ṣe ọwọ́ rẹ nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

Ìyá kò mọ̀wé. Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀? Kà á fún mi."

Morádéyọ̀ kà á. "Èmi tí mo buwọ́ lu ìwé yìí ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dá ẹ̀kọ́ mi dúró fún ọdún kan, nítorí àìlera tí kò jẹ́ kí n lè tẹ̀síwájú."

Ìyá na ìka sí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wá ní, "Ìgbà wo lo ṣàìsàn?"

Akọ̀wé ní, "Mọ́mì, èmi kàn ń lu òǹtẹ̀ ni."

Ó sì jẹ́ òtítọ́. Lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti lu òǹtẹ̀ fún. Ọmọbìnrin mọ́kànlá, ọdún mẹ́ta. Ẹnìkan náà ló kọ gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀, àìlera kan náà. Nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ yẹn, àwọn ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ wọn yá jù lọ ti dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún mẹ́ta gbáko, ife wọn sì wà lórí tábìlì ọ̀gá àgbà nínú yàrá tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n lọ bá Kóòṣì. Ẹ̀yin lè rò pé ó sá, tàbí pé ó purọ́. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó ní kí ìyá jókòó, ó bu omi fún un.

"Ẹni tó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde kò lè sáré fún wa mọ́," ó ní. "Ta ló máa tú ẹgbẹ́ tó ń borí ká? Ṣé kí n tún lọ máa dúró létí ọ̀nà ni?"

"Ẹ sọ fún mi pé ọdún mẹ́ta ni," ìyá náà ní.

"Ẹ̀ẹ̀kan ló kù, Ìyá. Tí wọ́n bá gba ti ọdún yìí, ife ńlá á di tiwa. Èmi fúnra mi á lọ bá ìgbìmọ̀, màá ní ẹ̀bi mi ni, wọ́n á sì yẹ ìdánwò wọn wò. Ṣùgbọ́n tí kò bá sáré," ó wo Morádéyọ̀, "ọwọ́ rẹ̀ ló wà nínú lẹ́tà. Ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀. Ṣé mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ni?"

Ìyá náà kò gbé agogo padà. Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe máa gbé e dé iwájú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Ó gbé e ka orí bẹ́ẹ̀dì Morádéyọ̀, ó sì lọ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Morádéyọ̀ padà sórí pápá. Kí ni kò bá ṣe? Ọdún mẹ́ta rẹ̀ wà lẹ́nu ọkùnrin kan ṣoṣo. Ó ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kóòṣì sọ fún àwọn tó wá wòran pé kò tíì sáré báyìí rí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ó jókòó ó ń so okùn bàtà. Ohùn kan dún lẹ́yìn rẹ̀. "Gbà." Ọwọ́ rẹ̀ nà. Bírò bọ́ sí i.

"Ìwé àdéhùn wa nìyí," Kóòṣì ní. "Èyí tí màá gbé lọ bá ìgbìmọ̀. Níbí."

Morádéyọ̀ ti fi ẹnu bírò kan ìwé kó tó yíjú padà. Ó gbé ọwọ́ Kóòṣì kúrò lórí ìwé náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọwọ́ ọmọ kúrò nínú àwo, ó sì kà á. Èmi tí mo buwọ́ lu ìwé yìí ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ọdún kan sí i. Nítorí àìlera.

Lẹ́tà kẹrin ni.

Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá bírò padà fún un. Ó ní, "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, sà. Ẹ jẹ́ kí n mú ìwé náà lọ sí yàrá, kí n buwọ́ lù ú níbẹ̀." Kóòṣì gbà bẹ́ẹ̀, ó ní kó dá a padà fún òun tí ìdíje bá parí. Ìkúnlẹ̀ náà tù ú lára.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ìwé náà han àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń sá eré ọ̀pá. Wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti buwọ́ lu tiwọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni kẹta wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ẹlẹ́nu mímú, ẹni kejì, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ni ó pẹ́ jù kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀kùn la dì mú láti ọdún mẹ́ta wá," ó ní.

Ọjọ́ ìdíje pé. Pápá ilé ẹ̀kọ́ wọn ni ti ọdún yẹn bọ́ sí, èrò sì kún. Ìyá Morádéyọ̀ wà níbẹ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pè é, ó ní kó lọ mú agogo lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó wá. Àwọn ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jọ jókòó lábẹ́ àgọ́, ife ńlá wà níwájú wọn. Ilé ẹ̀kọ́ Kóòṣì ló ń léwájú, eré ọ̀pá nìkan ló kù.

Ìbọn dún. Ẹni àkọ́kọ́ sáré bí ẹni tí iná ń lé, ó ti fi gbogbo wọn sẹ́yìn kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì. Ó ní, "Gbà." Ẹni kejì dúró. Ó yíjú padà. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó wo ọ̀pá náà dáadáa, ó sì gbà á.

Èrò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ṣubú ni. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, ẹni kẹta náà yíjú padà, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀rín dákẹ́. Kóòṣì ti bọ́ sínú pápá, ó ń pariwo, "Ẹ má wẹ̀yìn, ẹ má wẹ̀yìn," ohùn rẹ̀ há. Nígbà tí ọ̀pá fi máa dé ọ̀dọ̀ Morádéyọ̀, àwọn méje yòókù ti dé òpin, wọ́n ti ń mumi. Morádéyọ̀ kúnlẹ̀, ó gba ọ̀pá. Kò sáré. Ó rìn gba àárín pápá kọjá lọ sí abẹ́ àgọ́.

Ó yọ lẹ́tà náà láti inú aṣọ rẹ̀, ó ká a mọ́ ọ̀pá. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. "Ẹ gbà, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó kí ẹ tó gbà á."

Ọ̀gá àgbà ń bá àlejò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, inú ń bí i, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìtìjú tí àwọn ọmọ náà kó bá a. Ó na ọwọ́ láì wò. Ó gbà á. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, igbákejì rẹ̀ gbà á, igbákejì náà kò wò ó, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, akọ̀wé tó dúró lẹ́yìn àga wọn gbà á, ó tú lẹ́tà kúrò lára ọ̀pá, ó sì fi í sínú fáìlì láì kà á.

Àwọn àgbà mẹ́ta. Kò sí ẹni tó wẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Eré ọ̀pá tó dára jù lọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Nígbà náà ni agogo dún.

Ìyá Morádéyọ̀ ló dìde láàárín èrò. Ó gbé agogo sókè, ó ń mì í bí olùkọ́ àgbà ìlú wọn ṣe máa ń mì í, láì yára, láì dúró. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Kò sí ẹni tó lọ sílé ìwé rí tí kò mọ ohun tí agogo yẹn túmọ̀ sí. Ó ń lù ú bọ̀ títí ó fi dé iwájú àgọ́.

"Ẹ kà á sókè," ó ní. "Èmi kò mọ̀wé. Ẹ kà á fún mi."

Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n mú un jókòó. Kò jókòó. Ó tún mi agogo. Nígbà tí àlejò ti yíjú sí i, tí èrò ti yíjú sí i, akọ̀wé yọ lẹ́tà náà nínú fáìlì, ọ̀gá àgbà sì kà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó yára ka ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ náà ṣàìlera tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè tẹ̀síwájú, ó dúró. Ó wo Morádéyọ̀, ẹni tí erùpẹ̀ pupa wà lórúnkún rẹ̀, tí bàtà eré ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́ta tó wo ojú rẹ̀.

Wọ́n lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù Kóòṣì. Wọ́n bá ìwé ìdánwò ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ti àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá, nínú páálí tí wọ́n ń kó ọ̀pá sí. Kò sí ẹni tó máàkì ẹyọ kan nínú wọn. Ikán ti jẹ ti ọdún kìn-ín-ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí, nítorí ẹ máa fẹ́ gbọ́ pé ó parí síbi tó dára. Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n máàkì ohun tí ikán kò jẹ. Méje nínú àwọn ọmọ náà ti lọ sílé, wọn kò padà mọ́. Ọdún kan péré ni wọ́n rí kà fún Morádéyọ̀, ó wà ní ọdún kejì báyìí, ó ń jókòó pẹ̀lú àwọn tí kò tíì wọlé nígbà tó gba ife àkọ́kọ́. Kíláàsì kẹta ìlú wọn kò tíì ní olùkọ́. Akọ̀wé ṣì wà nídìí òǹtẹ̀. Wọ́n lé Kóòṣì, ṣùgbọ́n kò lo oṣù kan nílé. Ilé ẹ̀kọ́ míì ti mú un, ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ sì yìn ín pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹgbẹ́ tó ń borí.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ mi, mo rí bí ẹ ṣe ń mi orí. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ń rò pé ẹ̀yin ni Morádéyọ̀, pé wọ́n ti fi nǹkan sí yín lọ́wọ́ láì jẹ́ kí ẹ wò ó. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni nígbà kan. Ṣùgbọ́n àkàwé yìí kì í ṣe nípa àwọn ọmọbìnrin náà. Wọ́n kéré, wọ́n ń bẹ̀rù, wọ́n sì sá pápá yípo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí wọ́n tó kọ́ láti má wẹ̀yìn. Ẹ̀yin, ta ló lé yín yí pápá? Ìwé ń kọjá lọ́wọ́ yín níbi iṣẹ́, níbi ìpàdé, nínú ìgbìmọ̀ tí ẹ jókòó sí. Ẹ ń gbà á, ẹ ń lu òǹtẹ̀, ẹ ń nà án sẹ́yìn, ojú yín ń wo ife. Orúkọ èèyàn kan wà nínú ìwé náà. Ọdún mẹ́ta ẹnìkan wà nínú rẹ̀.

Agogo ti dún. Kóòṣì dúró létí ọ̀nà láti wo àwọn ọmọ tó ń sáré nítorí wọ́n pẹ́. Lónìí, ẹ̀yin lẹ pẹ́. Mo fẹ́ wo bí ẹ ṣe máa sáré.